Ojú méjì lẹ ń yà: bí ẹ ṣe máa tan iná sí olórin àti ohun èlò ọwọ́ ẹ̀

Bàbá onílù kan wọ ṣọ́ọ̀bù fọ́tò mi ní Arákálẹ̀, l'Ákùúrẹ́, níjọ́ kan, àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n ti ń lùlù kí wọ́n tó bí mi, wọ́n di ìyáàlù wọn sínú aṣọ, wọ́n sì tú u pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí àwọn fúnra wọn tó jókòó. Mo gbé iná mi sókè lórí wọn bí mo ṣe máa ń ṣe fún gbogbo èèyàn, mo yà wọ́n, ojú wọn mọ́ rekete, inú mi dùn, mo fi hàn wọ́n lẹ́yìn kámẹ́rà. Wọ́n wò ó, wọ́n tún un wò. Wọ́n ní, "Ojú mi rèé o, ìlù mi dà?" Òótọ́ ni. Ìlù ti dúdú mọ́ agbádá, ọṣán ò hàn, ṣaworo ò hàn, ẹni tí ò mọ̀ wọ́n ò lè sọ nǹkan tí wọ́n gbé kọ́ èjìká.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ ya olórin pẹ̀lú ohun èlò ẹ̀, ojú méjì ló ń yà, iná tó dáa fún ọ̀kan sì lè ba èkejì jẹ́. Ti ohun èlò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò, torí èèyàn lè yí ọrùn, ó lè gbé àgbọ̀n sókè tẹ́ ẹ bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí sásófóònù ṣe máa ń wà lọ́wọ́ ẹni tó ń fọn ọ́n náà ló ṣe máa wà, ẹ̀yin àti iná yín lẹ máa bá a níbi tó wà.

Nǹkan tí mo máa fi ṣàlàyé ò pọ̀. Fíláàṣì kan tó ṣe é yọ kúrò lórí kámẹ́rà pẹ̀lú trigger ẹ̀ (èyí tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà tàn án láti ọ̀nà jíjìn), sítáǹdì kan, agbòòrùn funfun ti àwọn onífọ́tò, bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì funfun kan, pátákó fómù funfun irú èyí tí wọ́n fi ń ti tẹlifíṣọ̀n nínú páálí, àti aṣọ dúdú bí ọ̀pá méjì. Ẹni tí ò ní fíláàṣì, ẹ má lọ o, mo máa dé ọ̀dọ̀ yín nísàlẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó tan iná kankan

Ẹ jẹ́ kó lù ú fún yín ná. Mi ò ní kó dì í mú o, mo ní kó lù ú, kó fọn ọ́n, kó ta á, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gan-an, kí ẹ̀yin kàn dúró kẹ́ ẹ máa wò ó. Èjìká wo ló gbé e kọ́? Ọwọ́ wo ló ń sọdá iwájú ara ẹ̀? Ibo lorí ẹ̀ ń yí sí tí orin bá ti wọ̀ ọ́ lára? Onígángan tó ń fi ọ̀tún lo kọ̀ǹgọ́, abẹ́ apá òsì ló máa há ìlù mọ́, ọwọ́ ọ̀tún á wá máa sọdá àyà kó tó kan awọ, nítorí náà tẹ́ ẹ bá gbé iná sí ọ̀tún ẹ̀, ọwọ́ yẹn á máa ju òjìji sórí awọ, ibi tó yẹ kéèyàn rí gan-an ló máa ṣókùnkùn. Ẹ gbé iná lọ sápá òsì ẹ̀, kẹ́ ẹ wá wo ìyàtọ̀. Onígìtá, ọrùn gìtá máa ń nà sí òsì ẹni tó ń ta á. Ẹni tó ń fọn trumpet, tó bá kọ ẹnu ẹ̀ sí kámẹ́rà tààrà, ihò idẹ lẹ máa yà, ẹ ò ní rí ojú èèyàn, ẹ ní kó yí díẹ̀ kí ẹnu fèrè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Tó bá jẹ́ alọ́wọ́ òsì ni, ẹ yí gbogbo nǹkan tí mo sọ yìí padà.

Ẹ má fọwọ́ kan ìlù onílù láìtọrọ ààyè, ẹ má sì gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ torí pé ẹ fẹ́ tún aṣọ ṣe. Àwọn ìlù kan wà tó jẹ́ ti òrìṣà, bí ìgbìn tó jẹ́ ti Ọbàtálá, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó gbé kámẹ́rà sókè, tí wọ́n bá ní rárá, ó parí.

Ara ohun èlò náà, irú wo ni?

Lójú iná, nǹkan mẹ́ta ni mo pín gbogbo ẹ̀ sí. Èyí tí ò dán: awọ, igi gbígbẹ́, ọṣán, igbá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Èyí tó dán díẹ̀: igi tí wọ́n fi fáníìṣì kùn, bíi gìtá, fáólìn, ara dùùrù. Àti èyí tó dán bíi dígí: idẹ sásófóònù, trumpet, àwo idẹ ara dúrọ́ọ̀mù (cymbal), ṣaworo.

Ẹ ju bọ́ọ̀lù sí ògiri láti ọ̀tún, òsì ló máa fò sí, bó ṣe tẹ̀ wọlé náà ló ṣe máa tẹ̀ jáde. Bí iná ṣe ń ṣe lórí nǹkan dídán nìyẹn. Lórí awọ, ńṣe ló máa ń fọ́n káàkiri, ìdí nìyẹn tí ìlù ò fi ń yọ èèyàn lẹ́nu tó idẹ. Ọ̀nà kan wà tẹ́ ẹ lè fi mọ nǹkan tó ń bọ̀ kẹ́ ẹ tó ya nǹkan kan: ẹ pa iná ilé, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ẹ gbé e sí ibi tí lẹ́ńsì máa wà gan-an, ẹ tàn án sí ara ohun èlò, kẹ́ ẹ wo ibi tí iná yẹn lọ bà lé lára ògiri tàbí àjà. Ibi tó bà lé yẹn ni kámẹ́rà máa rí nínú idẹ. Tó bá jẹ́ wíńdò ló wà níbẹ̀, wíńdò lẹ máa yà. Tí ògiri aláwọ̀ ewé bá wà níbẹ̀, sásófóònù yín á di aláwọ̀ ewé.

Iná kan péré, kẹ́ ẹ sì ṣírò jíjìnnà ẹ̀

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa máa ń fẹ́ tan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tan ọ̀kan, ẹ lóye ẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi òmíì kún un. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, láàárín iwájú àti ẹ̀gbẹ́ èèyàn náà, kó ga ju orí ẹ̀ lọ díẹ̀, agbòòrùn tàbí softbox (àpótí aṣọ funfun tó ń mú iná rọ̀) níwájú ẹ̀. Bí iná bá ṣe tóbi tó sí nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń yà, tó sì sún mọ́ ọn tó, ni òjìji ẹ̀ ṣe máa rọ̀ tó. Agbòòrùn kan náà tó rọ̀ bí òwú ní mítà kan, ní mítà mẹ́rin ó ti di iná líle.

Ibi tí bàbá onílù ti bá mi wí wà níbí yìí. Iná máa ń kú bó bá ṣe ń jìnnà, kíkú ẹ̀ sì yá ju báa ṣe rò lọ: tẹ́ ẹ bá sọ jíjìnnà di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù. Lọ́jọ́ yẹn, iná mi wà lókè orí wọn, bíi mítà kan sí ojú, ìlù wà ní ìbàdí, bíi mítà 1.6 sí iná. Ẹ ṣírò ẹ̀, iná tó dé ìlù ò tó 40 nínú 100 èyí tó dé ojú, ìlù tó jẹ́ pé igi dúdú àti awọ tó ti gbó ni, tó sì dúró níwájú agbádá dúdú. Kò lè hàn, kò sí bó ṣe máa hàn.

Ọ̀nà méjì ni mo ń gbà báyìí. Àkọ́kọ́, mo máa ń sọ iná kalẹ̀ dé ìwọ̀n èjìká, kí ojú àti ìlù jìnnà sí i bákan náà. Èkejì ni mo fẹ́ràn jù: mo máa ń jẹ́ kó wà lókè, àmọ́ mo máa yí ojú ẹ̀ wálẹ̀ kó kọ sí ìlù, kó jẹ́ pé etí iná nìkan ló kan ojú èèyàn. Àárín iná ló máa ń lágbára jù, etí ẹ̀ a máa tutù, ìlù tó jìnnà á gba àárín, ojú tó sún mọ́ á gba etí, wọ́n á wá bára dọ́gba. Mo ránṣẹ́ sí bàbá yẹn, wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo yà wọ́n báyìí, ìlù ni wọ́n kọ́kọ́ wò nínú fọ́tò, wọ́n fi ìka tọ ọṣán ẹ̀ lójú kámẹ́rà bí ẹni tó ń kà á.

Ti sásófóònù tàbí gìtá, òdìkejì ló máa ń ṣẹlẹ̀, ohun èlò ló máa ń yọ síwájú. Tí ẹnu sásófóònù bá wà ní mítà kan sí iná, tí ojú wà ní 1.4, ojú ò ní gbà ju ìdajì lọ, ẹnu sásófóònù á ti funfun kójú tó mọ́. Ẹ gbé iná sẹ́yìn dé mítà méjì, kó wá di 2 àti 2.4, ojú á gba nǹkan bí 70 nínú 100, ìyẹn ṣe é bá rìn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé tó bá ti jìnnà ó máa le, ẹ lo èyí tó tóbi sí i.

Ìlù, awọ àti ọṣán

Tẹ́ ẹ bá tan iná sí ìlù láti iwájú gan-an, pẹrẹsẹ ló máa rí. Ẹ jẹ́ kó ti ẹ̀gbẹ́ wá, kó fẹ́ẹ̀ máa rọra gba orí ọṣán kọjá, kí okùn kọ̀ọ̀kan ní òjìji tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìgbà yẹn lẹ máa rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Ojú awọ pẹ̀lú, ibi tí kọ̀ǹgọ́ ti ń bà á látọjọ́ pípẹ́ wá, ó máa ń ní àmì, àmì yẹn ni ìtàn onílù, ẹ má ṣe fi iná pa á rẹ́.

Ṣaworo, ẹ fún un ní iná kékeré kan láti ẹ̀yìn, fíláàṣì lásán láìfi nǹkan bò ó, kó jẹ́ 1/32 agbára ẹ̀, kó wà lẹ́yìn èjìká onílù níbi tí kámẹ́rà ò ti ní rí i. Iná kékeré yẹn á kan ṣaworo kọ̀ọ̀kan, á ta yẹ́ríyẹ́rí, á sì fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sétí fìlà àti èjìká kí dúdú aṣọ má baà rì sínú dúdú ẹ̀yìn. Iná ẹ̀yìn yìí kan náà ni Herman Leonard, onífọ́tò, lò nílùú New York lọ́dún 1948 nígbà tó ya Dexter Gordon, olórin jazz, tòun ti sásófóònù àti èéfín sìgá, èéfín kì í hàn tí iná bá ti iwájú wá, ẹ̀yìn ló ti máa ń hàn.

Sákárà lèyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìlù láti yà. Òrùka amọ̀ ni, ojú kan ló ní awọ, ẹ̀yìn ẹ̀ ṣí sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé iná kékeré sẹ́yìn ẹ̀, iná á gba inú awọ yọ, awọ á pọ́n bí oòrùn ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí ìka onísákárà bí òjìji láti ẹ̀yìn. Ẹ má jẹ́ kí iná tó gbóná pẹ́ níbẹ̀ o, awọ ò fẹ́ ooru, fíláàṣì dáa ju gílóòbù lọ fún èyí.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ẹ̀ ló ṣe pàtàkì, tó bá dúró jẹ́ẹ́ kò dùn ún wò. Ẹ jẹ́ kó mì ín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ìlẹ̀kẹ̀ dúró gbagidi lófuurufú, ẹ dín agbára fíláàṣì kù, torí fíláàṣì kékeré tí agbára ẹ̀ wà nílẹ̀, kíá ló máa ń tàn kíá ló máa ń kú, ó yá ju tòkè lọ púpọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kó fà bí èéfín, ẹ mú shutter (bí kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó kó tó pa ojú dé) wá sí 1/15 ìṣẹ́jú àáyá, ẹ jẹ́ kí gílóòbù ilé náà wọ inú fọ́tò, kẹ́ ẹ wá sẹ́ẹ̀tì fíláàṣì kó tàn ní ìparí, kó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ìfà náà wà.

Idẹ

Ṣọ́ọ̀ṣì kan ló pè mí ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn pé kí n wá ya àwọn tó ń lo ohun èlò fún wọn, wọ́n fẹ́ lò ó fún bánà. Mo lo fíláàṣì láìfi nǹkan kan bò ó. Nígbà tí mo délé tí mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, nínú ẹnu sásófóònù yẹn, èmi rèé nínú ṣẹ́ẹ̀tì pupa, wíńdò mẹ́ta rèé, gílóòbù òkè rèé, àti ojú funfun kan láàárín tó ti jó pátápátá, kò sí idẹ níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti tẹ bánà kí n tó lè ṣe nǹkan kan sí i. Ó ṣì ń dùn mí tí mo bá rántí.

Ohun tí mo kọ́ ni pé idẹ ò ní àwọ̀ tiẹ̀ tó pọ̀, nǹkan tó bá dojú kọ ló máa ń wọ̀. Nítorí náà ẹ má bi ara yín pé báwo ni mo ṣe máa tan iná sí idẹ, ẹ bi ara yín pé kí ni mo fẹ́ kí idẹ rí. Ẹ fún un ní nǹkan funfun ńlá kan. Ẹ ta bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì yẹn, kó fẹ̀ bíi mítà méjì, kó má ní òdòdó lára, kó má sì ti pọ́n torí àwọ̀ ẹ̀ ló máa wọ ara èèyàn, ẹ gbé fíláàṣì sẹ́yìn ẹ̀ ní bíi mítà kan kí iná lè kún ojú aṣọ yẹn dé etí. Ẹ ti ṣẹ̀dá wíńdò nìyẹn. Sásófóònù á gbé funfun kan gùn rẹ́gẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ara ẹ̀, ó máa rọ̀, kò ní jó.

Ẹ má dúró síbẹ̀. Funfun nìkan á sọ idẹ di pẹlẹbẹ bíi bébà. Ẹ mú aṣọ dúdú, ẹ ta á sí apá kejì, níbi tí ara sásófóònù ti ń yí lọ, etí ẹ̀ á dúdú, ìgbà yẹn ló máa tó yí bíríkítí lójú ẹni tó ń wò ó. Funfun láàárín, dúdú létí: ibi tí àwọn tó ń ya idẹ dáadáa ti yàtọ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí i pé àmì iná bọ́ síbi tẹ́ ẹ ò fẹ́, ẹ má sún olórin kiri, ẹ sún iná, kódà bíi ìbú ọwọ́ kan péré, kẹ́ ẹ tún wò ó.

Ẹnu ẹ̀ ló ṣòro jù. Ó yí ká, ó ṣí, gbogbo yàrá ló ń rí, ẹ̀yin náà wà nínú ẹ̀. Ẹ wọ dúdú. Ẹ fà sẹ́yìn dé mítà mẹ́ta, kẹ́ ẹ súùmù, kẹ́ ẹ lè kéré nínú ẹ̀. Ẹ pa gílóòbù òkè, ẹ fa kọ́tìnì. Ẹ ò lè mú gbogbo nǹkan kúrò nínú ẹ̀, ẹ kàn jẹ́ kí nǹkan tó ń rí dín kù, funfun ńlá kan, dúdú ńlá kan, ó tó. Fílítà polarizer tí wọ́n ń tà máa ń dín dídán fáníìṣì kù lára gìtá, ṣùgbọ́n irin ò gbọ́ tiẹ̀, ẹ má fi owó ṣòfò sórí ìyẹn torí idẹ. Àwọn kan máa ń wí pé kéèyàn fọ́n páúdà tàbí sípíréè kan sí i kó má dán. Lórí ohun èlò ẹlòmíì? Rárá o. Aṣọ rírọ̀ ni kẹ́ ẹ fi nu ojú ìka kúrò lára ẹ̀, kí olórin fúnra ẹ̀ nù ún.

Gìtá ò gùn lọ́rọ̀: tẹ́ ẹ bá ti rí àmì funfun lójú igi ẹ̀, ẹ ní kó tẹ ojú gìtá wálẹ̀ tàbí sókè díẹ̀, àmì náà á sá lọ. Okùn ẹ̀ máa ń dùn ún wò tí iná bá ti apá ọrùn gìtá wá. Kíbọ́ọ̀dù, ẹ tan iná láti ẹ̀yìn ẹ̀ sọ́dọ̀ kámẹ́rà kí òjìji wà láàárín bọ́tìnnì funfun àti dúdú. Èyí tó ṣòro ni ẹgbẹ́ jùjú, tí gìtá àti gángan bá wà nínú fọ́tò kan náà, níbí tí a wà yìí sì rèé, ìpínlẹ̀ tí King Sunny Adé ti jẹ́ ọmọ ìdílé ọba Oǹdó, jùjú ò lè tán lọ́wọ́ wa. Gìtá ń fẹ́ iná tó tóbi tó sì jìnnà, gángan ń fẹ́ èyí tó ti ẹ̀gbẹ́ wá. Mo máa ń tan èyí tó tóbi fún gbogbo wọn láti bíi mítà mẹ́ta, kó lè kan ẹni iwájú àti ẹni ẹ̀yìn bákan náà, kí n wá fi fíláàṣì kékeré láti ẹ̀gbẹ́ fún onílù nìkan.

Àwọ̀ ara wa

Kámẹ́rà tẹ́ ẹ bá fi sí ọ́tò, ńṣe ló máa ń rò pé gbogbo nǹkan tó wà níwájú òun yẹ kó jẹ́ eérú láàárín funfun àti dúdú. Ẹni dúdú tó wọ agbádá funfun, kámẹ́rà á rí funfun, á sọ fọ́tò di dúdú, ojú á rì. Ẹ fi sí manual, kó jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ẹ wọn iná ojú, ẹ jẹ́ kí ojú tọ́, kẹ́ ẹ wá wo agbádá bóyá ó ti jó, tó bá ti jó, ẹ fi aṣọ dúdú bo iná yẹn lápá ìsàlẹ̀ kó má kan agbádá púpọ̀.

Awọ ara tó dúdú kì í fi bí iná ṣe pọ̀ tó hàn, bó ṣe dán ló fi ń hàn. Ẹ fún un ní iná ńlá tó rọ̀, kẹ́ ẹ rí ìlà dídán tó fẹ̀ lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, níwájú orí, lórí imú, kẹ́ ẹ fi pátákó fómù sí apá kejì tàbí sísàlẹ̀ kí ojú má baà jìn wọnú. Ẹ má kàn máa fi iná kún iná, ara á di eérú. Páúdà funfun wínníwínní tí wọ́n ń fi parí ìpara, fíláàṣì máa ń sọ ọ́ di ẹfun lójú, ẹ sọ fún ẹni tó ń kun ojú kó tó bẹ̀rẹ̀. Òógùn, ẹ nù ún, ẹ má nu gbogbo ẹ̀. Olórin tó ti ń ta gìtá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní Àkúrẹ́ láìsí fáànù, òógùn tó kù díẹ̀ lójú ẹ̀ yẹ é.

Fìlà abetí ajá máa ń ju òjìji sójú, ẹ sọ iná kalẹ̀. Gèlè tó ń dán, ẹ ṣe é bí ẹ ṣe máa ṣe idẹ.

Ẹ̀yìn

Mítà méjì láàárín èèyàn àti aṣọ ẹ̀yìn, kí òjìji gìtá má baà lọ kọ́ sára ògiri. Seydou Keïta, tó ṣí sítúdíò ẹ̀ ní Bamako lórílẹ̀-èdè Mali lọ́dún 1948, aṣọ ibùsùn ẹ̀ ló kọ́kọ́ ta sẹ́yìn àwọn èèyàn, oòrùn ìta ló sì fi ń yà, títí dòní àwọn fọ́tò yẹn ò dógbó. Àdìrẹ wà, aṣọ òkè wà, ògiri amọ̀ tí ojú ẹ̀ ti ṣá wà. Mo tún máa ń ronú sí fọ́tò tí Arnold Newman, onífọ́tò, ya Stravinsky, ẹni tó ń kọ orin, lọ́dún 1946: ìdérí dùùrù tó ṣí sókè ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú fọ́tò, dúdú, olórin fúnra ẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ nísàlẹ̀, síbẹ̀ òun lojú máa ń lọ bá. Kò pọn dandan kí èèyàn tóbi jù ohun èlò ẹ̀ lọ.

Tí ò bá sí fíláàṣì

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lẹ máa lò. Ẹ jẹ́ kí olórin dúró sínú díẹ̀, bíi ẹsẹ̀ méjì sí ìlẹ̀kùn, kí oòrùn má kan ara ẹ̀, kó kọjú síta. Ojú ọ̀run tó wà níta ni softbox yín, kò sì sẹ́ni tó ní èyí tó tóbi tó yẹn. Tí ilẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù bá jẹ́ ilẹ̀ pupa, pupa á gbà lábẹ́ àgbọ̀n, ẹ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì funfun sílẹ̀, á sì tún gbé iná sókè sínú fìlà àti sábẹ́ ìlù.

Láàárín ọ̀sán, ẹ má yà á níta gbangba. Àkúrẹ́ wà nítòsí agbedeméjì ayé, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án oòrùn máa ń dúró sí àárín orí gan-an lọ́sàn-án, ojú èèyàn á di ihò méjì. Ẹ dúró di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Tẹ́ ẹ bá máa lọ sí òkè Ìdànrè pẹ̀lú olórin, ìrọ̀lẹ́ náà ni, kẹ́ ẹ mú un sún mọ́ àpáta tí oòrùn ń kàn, àpáta á da iná padà sápá kejì ojú ẹ̀ láìná kọ́bọ̀. Ìgbà ọyẹ́ dáa gan-an fún idẹ torí eruku ti bo oòrùn, iná ti rọ̀, àmọ́ gbogbo nǹkan á pọ́n, ẹ fi bébà funfun tún white balance (bí kámẹ́rà ṣe ń mọ ohun tó jẹ́ funfun) ṣe, kẹ́ ẹ má sì pààrọ̀ lẹ́ńsì níta.

Gílóòbù LED, iná NEPA máa ń jẹ́ kí àwọn kan ṣẹ́jú nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni àwọn ìlà dúdú tẹ́ ẹ̀ ń rí nínú fọ́tò. Shutter 1/50 tàbí 1/100 máa ń pa á. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré ló ń gbé e, sísáré ẹ̀ ò dúró lójú kan, ìlà lè padà wá, ẹ wá gílóòbù oníbátìrì. Ẹ má sì da gílóòbù pupa pọ̀ mọ́ fíláàṣì, ẹ̀gbẹ́ ojú kan á di ọsàn, ìkejì á di aró.

Ẹni tó ń fi fóònù yà á, ẹ pa portrait mode, èyí tó máa ń sọ ẹ̀yìn fọ́tò di bàìbàì. Kì í mọ okùn gìtá, kì í mọ ọṣán, á gé ọrùn gìtá dànù pẹ̀lú ẹ̀yìn. Fóònù kejì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì ẹ̀ sẹ́yìn nálọ́ọ̀nù funfun, ẹ sún mọ́ ọn.

Sẹ́tìn

ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba iná sí) 100 tàbí 200, shutter 1/125 sí 1/200. Tó bá kọjá 1/200 tàbí 1/250 lórí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, fíláàṣì ò ní bá shutter mu, ẹ ó rí dúdú kan bo apá kan fọ́tò. Ẹ kọ́kọ́ yà á láìtan fíláàṣì. Ó yẹ kó dúdú. Tí ò bá dúdú, iná ilé ti wọ ibẹ̀.

Aperture, ìyẹn ihò lẹ́ńsì tí iná ń gbà wọlé, ni mo ti ń rí àṣìṣe jù; bí nọ́ńbà ẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ihò náà ṣe fẹ̀ tó. Gbogbo èèyàn fẹ́ f/1.8 kí ẹ̀yìn lè di bàìbàì. Lẹ́ńsì 85mm ní mítà méjì, lórí kámẹ́rà full frame (èyí tí ojú tó ń gba iná nínú ẹ̀ tóbi), f/1.8 máa fún yín ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà péré tó mọ́, ojú á mọ́, gángan tó wà níwájú ẹ̀ á di ìkùukùu. Ní f/8 ó fẹ́ẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 27, ojú àti ohun èlò á mọ́ pọ̀. F/8 ni mo ń bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń yà á, kó máa lù ú lóòótọ́. Ọwọ́ tó kàn dì í mú máa ń hàn pé òkú ni. Ẹni tó ń fọn fèrè, ẹ dúró de ìgbà tó mú ẹnu kúrò láti mí, ìṣẹ́jú àáyá yẹn ni ojú ẹ̀ máa ń tú sílẹ̀. Lẹ́yìn fọ́tò mẹ́ta mẹ́ta, ẹ súùmù wò ó lẹ́yìn kámẹ́rà, ohun èlò lẹ máa kọ́kọ́ súùmù sí, ṣé ọṣán hàn, ṣé idẹ ò jó, ṣé ẹ̀yin ò sí nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá wo ojú. Kẹ́ ẹ wá fi han olórin, kó wò ó pẹ̀lú yín, torí òun ló mọ ibi tó yẹ kí ìka ẹ̀ wà, àwọn mélòó kan ti ní kí n tún un yà torí wọ́n ní ìka yẹn ò sí lórí orin kankan.